Ẹ Kà Á Sí Wa Létí Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí I

Ẹ̀yin ará, òṣìṣẹ́ Rẹ́mọ,

A mọ onílàjà. Bí àwa àti ọ̀gá kò bá gbọ́ra wa yé, ọ̀rọ̀ lè dé Industrial Arbitration Panel. Àwọn olówò òkèèrè náà ní onílàjà tiwọn, agbára rẹ̀ sì ju tiwa lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ìgbẹsà, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín.

Ní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ gba ìṣàkóso ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Zhongshan, ilé-iṣẹ́ ará Ṣáínà. Nàìjíríà ti bá Ṣáínà ṣe àdéhùn ní 2001 pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ onílàjà. Àwọn mẹ́ta ló gbọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹta 2021, wọ́n ní kí Nàìjíríà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là, yàtọ̀ sí èlé. A kò san. Ní oṣù kẹjọ 2024, kóòtù Paris ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé bàálù Ààrẹ mẹ́ta.

Àwọn kan ní òyìnbó ló rẹ́ wa jẹ. N kò gbà. Ọwọ́ wa la fi sọ̀wé. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ṣùgbọ́n Ògùn ló ṣẹ̀, owó-orí gbogbo òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n fẹ́ fi san án.

Kí ìjọba máa ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní gbangba nílé aṣòfin. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé Èkó ni ìlàjà yóò ti wáyé. Ilé ìlàjà wà níbẹ̀. Bí èmi bá fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà sí yín létí, ẹ ó yọ mí nípò. Ṣé ti ìjọba yàtọ̀ ni?