Ẹ̀bẹ̀ Kì Í Pa Àṣẹ Ilé-Ẹjọ́ Rẹ́

Láti ọdún 2011 ni Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ní òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé. Wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Nípa òfin yìí, ilé-ẹjọ́ lè pa àṣẹ ààbò pé kí ọkọ má ṣe sún mọ́ aya tí ó ń lù. Ẹni tí ó bá rú àṣẹ náà jẹ̀bi ọ̀ràn.

Bí ìdájọ́ bá dé bá ọkọ kan ní Ìjerò, Arámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n, àwọn ará ilé a fẹ́ rán àgbààgbà lọ bẹ aya. Ìpẹ̀tù dára, ṣùgbọ́n bí àṣẹ bá ka ìránṣẹ́ léèwọ̀, ẹ̀bẹ̀ yìí lè di ẹ̀ṣẹ̀ kejì.

Ẹni tí ó bá gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, kí ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Láti ọ̀dọ̀ májísíréètì, ilé-ẹjọ́ gíga ni. Láti ibẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ni, láàárín 90 ọjọ́. Ǹjẹ́ wọ́n fi ìwé àṣẹ náà lé e lọ́wọ́? Ǹjẹ́ ẹ̀rí náà kọjá iyèméjì? Ǹjẹ́ wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abala 36 ìwé òfin 1999 ti wí? Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni.

Síbẹ̀, pípe ẹjọ́ nìkan kò tú àṣẹ ààbò ká. Ilé-ẹjọ́ nìkan ni ó lè tú u. Ìdájọ́ òdodo tí Islam pa láṣẹ, ti ọkọ ni, ti aya sì ni. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó sìn ín dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, kí ó má ṣe sìn ín dé ẹnu ọ̀nà aya náà.