Àtùpà Àwọn Baba Wa: Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ní ilé púpọ̀ ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, àtùpà kan wà lókè àjà tàbí ní igun ìyẹ̀wù baálé tí ẹnikẹ́ni kì í tàn mọ́. Baba ni ó fi í lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sì fi í lé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́. Lónìí, àwọn tí ń ra irin àlòkù káàkiri àdúgbò a máa gbé e lé orí òṣùwọ̀n, wọn a sì san owó tí kò tó ra iṣu. Ní ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ilé a máa fi í yangàn pé láti ayé Odùduwà ni ó ti ń bọ̀. Lójú tiwa, ẹni tí ó tà á bí irin àlòkù àti ẹni tí ó fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọn: àwọn méjèèjì ni ó pa ẹlẹ́rìí ilé wọn lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹlẹ́rìí ni àtùpà í ṣe, bí a bá mọ bí a ti í bi í léèrè. Ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè ni epo tí ó ń mu. Èyí tí alámọ̀ mọ tàbí tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí ẹnu rẹ̀ là gbayawu, tí kò ní gíláàsì, epo pupa tàbí àdín ni a ń dà sí i, pẹ̀lú òwú tí a fi ọwọ́ lọ́. Irú èyí kò ní òǹtẹ̀. Ẹnu àgbà ilé ni ọjọ́ orí rẹ̀ wà. Ta ni ó rọ ọ́? Ní ayé baálé wo? Ọdún ìbílẹ̀ wo ni a ń tàn án fún? Orúkọ rẹ̀ pàápàá ní ìtàn: “fìtílà” tí àwa àti àwọn Haúsá jọ ń pè, inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, níbi tí ó ti ń jẹ́ òwú àtùpà.

Ti kẹrosíìnì yàtọ̀. Ọdún 1859 ni Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rẹ̀ ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láńtánì tí afẹ́fẹ́ kì í pa, tí ó ní ọ̀pá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, sílẹ̀. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá wí pé láńtánì àwọn ni baba ńlá wọn gbé gun orí òkè nígbà tí àwọn Núpé ń lé wọn, kí wọn ka òǹtẹ̀ rẹ̀ ná. Ọdún 1897 ni Bídà ṣubú. Bí a bá kọ “West Germany” sí i, ilẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ yẹn kò sí ṣáájú 1949, kò sì sí mọ́ lẹ́yìn 1990. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ṣùgbọ́n kí ojú má ṣe ti ẹnikẹ́ni. Bóyá àtùpà yẹn ni ìyá àgbà fi ń pàtẹ lóru, tí ó fi rí owó tí ọmọ rẹ̀ fi ka ìwé mẹ́fà. Ṣé èyí kì í ṣe ìtàn ni?

Bí a bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a da epo inú rẹ̀ nù, kí a fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nù ún. Kí a wo ìdí rẹ̀, orí rẹ̀, àti ohun yíyí tí a fi ń gbé òwú sókè, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe é sábà máa ń kọ orúkọ wọn sí. Kí a má gbẹ́kẹ̀lé gíláàsì, nítorí a lè ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà púpọ̀. Bí a bá rí ọdún tí a gba ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà lára rẹ̀, ohun tí ó ń wí ni pé àtùpà náà kò lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè kéré sí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má fi iyanrìn bó o, kí a má sì kùn ún lọ́dà.

Òfin pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ sọ. Gẹ́gẹ́ bí òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Nàìjíríà ti ọdún 1979, iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí a ṣe ṣáájú 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì tọ́ kí a gbé e jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Fìtílà tí alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa rọ nígbà náà lè wà lára wọn. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí wa; kí a gbé e lọ fi hàn wọ́n.

A bẹ gbogbo baálé àti olóyè pé, kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù mú ìwé, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni àtùpà ilé rẹ̀, àwọn tí ó ti gbà á lẹ́yìn rẹ̀, àti òǹtẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀. Kí a bi àgbà léèrè nígbà tí àgbà ṣì wà. Ilé tí ó bá ta àtùpà rẹ̀ láìkọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, òkùnkùn ni ó fi owó rà.