Káàdì Adójútòfò Ìlera: Ṣé Ọjọ́ Àìsàn Nìkan Ló Wà Fún?

Lọ́dún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Lọ́dún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú náà pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Síbẹ̀, owó àpò ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ṣì fi ń tọ́jú ara. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni pé: bí ìdílé bá ní káàdì yìí lọ́wọ́, ǹjẹ́ wọn yóò máa lọ ṣe àyẹ̀wò kí àìsàn tó dé?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Èèyàn lè máa gbé e kiri fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dá a dùbúlẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà fún wa ní ìdáhùn kan. Lọ́dún 2008, owó ìjọba kò tó láti gba gbogbo aláìní tó fẹ́ wọ ètò ìlera ọ̀fẹ́, wọ́n sì ṣẹ́ gègé láàárín wọn. Nígbà tó tó bí ọdún méjì, àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn tó wọlé ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ti jẹjẹrẹ ọmú ju àwọn tí kò wọlé lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí.

Nítòsí wa, ní ìgbèríko Kwara, ètò adójútòfò kan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007. Wọ́n bá ará ìlú san èyí tó pọ̀ nínú owó rẹ̀, wọ́n sì tún àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ṣe. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀ wálẹ̀ ní bíi 10. Níbi tí ètò náà kò dé, bíi 5 ló fi wálẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé káàdì ń mú èèyàn lọ fún àyẹ̀wò lóòótọ́, nítorí ó ń mú ẹ̀rù owó kúrò. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí òògùn àti òṣìṣẹ́ tó já fáfá nílé ìwòsàn, àyẹ̀wò yóò kàn sọ orúkọ àìsàn fún wa ni. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn.

Tiwa náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń sọ pé, "Ara mi le, kí ni mo ń wá lọ sí ọsibítù?" Àwọn mìíràn ní àìgbára lé Ọlọ́hun ni. Rárá o! Ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun a máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó sùn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ bèèrè àwọn àyẹ̀wò tí káàdì yín gbà, kí ẹ sì lọ ṣe é. Ẹ̀yin ìmáàmù wa, ẹ pe nọ́ọ̀sì wá sí mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kó wá wọn ìfúnpá àwọn jamáà.

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí ìdílé wa. Àmín.