Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ayò ṣẹ́ẹ̀sì lójú ewé yìí, àwọn òbí kan sọ pé ayò ọmọ olówó ni, kò kan ọmọ ẹni tí ń ta gàrí. Mo ní kí wọ́n wo Túndé Ọnàkọ̀yà, ẹni tó kọ́ ayò yìí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú, tó dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní ọdún 2018 nítorí àwọn ọmọ aláìní, tó sì ta ayò fún wákàtí 60 ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ìyẹn ti tán. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe, ó sì yẹ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí olùkọ́ tí kò lè wí pé “mo ṣì í” kì í ṣe ẹni tí à ń fi ọmọ lé lọ́wọ́.

Kí ẹni tí kò mọ ayò náà lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀. Ilé 64 ló wà lójú ọpọ́n. Ìhà kọ̀ọ̀kan ní ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, ilé-ìṣọ́ méjì àti ọmọ-ogun mẹ́jọ. Ẹni tó mú funfun ló ń kọ́kọ́ ta. Ọ̀nà 20 ló wà tó lè gbà bẹ̀rẹ̀. Bí dúdú bá sì ti dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, ojú tí ọpọ́n lè ní ti di 400. Síbẹ̀, nínú 20 wọ̀nyí, méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò jù: kí á gbé ọmọ-ogun iwájú ọba, tàbí ti iwájú ayaba, síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò ṣì í, nítorí ẹni tó bá gba àárín ọpọ́n ló gba ìkóríta. Ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo ayé ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ìwé tí wọ́n ti kọ lórí ọ̀nà méjì yìí kò lóǹkà.

Wàyí o, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi. Ìyá rẹ̀ ń ta gàrí ní Òkè-Ajé. Ọmọ náà kò ní fóònù, kò ní kọ̀ǹpútà. Ọpọ́n kan ṣoṣo tí a ní ní ilé ìwé ló fi kọ́ ayò. Nígbà tí ìdíje àwọn ilé ìwé dé, mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè mí, ó ní, “Tíṣà, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá lọ, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn nà án lọ nà án bọ̀ tí kò sì mú ohunkóhun bọ̀, ẹ jẹ́ kó máa tètè wá bá mi nídìí ọjà lẹ́yìn ilé ìwé.” Mo ní mo gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà mo pàṣẹ fún un pé ọmọ-ogun iwájú ọba ni kó fi bẹ̀rẹ̀, bí ìwé ti wí. Ayò mẹ́rin ni yóò ta. Àwọn ọmọ tó bá pàdé ní olùkọ́ ayò tí ń wá sí ilé wọn. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n ń ta á láìwo ọpọ́n, bí ẹni ń ka ìsọdipúpọ̀ méjì-méjì lórí. Wọ́n pa á lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n pa á lẹ́ẹ̀kejì. Mo bi í pé, “Níbo lo ti ṣì í?” Ó ní, “Sà, n kò mọ̀. Mo kàn rí i pé ó ti bàjẹ́ ni.”

Kí ẹ̀kẹta tó bẹ̀rẹ̀, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè ta tèmi?” Mo mọ èyí tó ń pè ní tirẹ̀. Ọmọ-ogun kejì láti apá òsì ni í gbé síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti bá a wí lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ní eré ọmọdé ni. Mo bi í pé, “Ìwé wo lo ti rí i?” Ó ní, “Sà, n kò rí i nínú ìwé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la máa ń ta á lálaalẹ́. Mo mọ ibi tó ń já sí.” Mo dákẹ́, mo sì gbà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò dùn sí i.

Nígbà tí mo délé ni mo tó lọ wádìí, ìtìjú sì mú mi. Ìbẹ̀rẹ̀ tí mo pè ní eré ọmọdé yìí ní orúkọ, ó sì ní ìtàn. Ní ọdún 1924, ní ìdíje ńlá kan ní New York, ọ̀gá ayò kan tí ń jẹ́ Tartakower lọ wo ọgbà ẹranko, ó rí ọ̀bọ ńlá irú èyí tí wọ́n ń pè ní orangutan, ó sì padà wá fi ìbẹ̀rẹ̀ yìí kojú Maróczy. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ ọ̀bọ náà pè é. N kò ní purọ́ fún yín: Maróczy ló pa á lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Sokolsky, ará Soviet, gbé ìbẹ̀rẹ̀ náà yẹ̀ wò tọkàntọkàn, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1963, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi orúkọ tirẹ̀ náà pè é.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ nìyí. Ilé tí ọmọ-ogun náà fi sílẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù yóò bọ́ sí, láti ibẹ̀ ni yóò ti máa wo àárín ọpọ́n ní ìdábùú, láti igun dé igun. Bí alátakò bá gbé ọmọ-ogun iwájú ọba rẹ̀ wá sáàárín, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè jẹ ọmọ-ogun wa tó wà lẹ́bàá ọpọ́n, ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù tiwa náà yóò jẹ tirẹ̀ tó wà láàárín. Ó dà bí ẹni fi gàrí lásán gba gàrí Ìjẹ̀bú. Àléébù rẹ̀ ni pé alátakò yóò rí àyè kó ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde kíákíá jù wá lọ. Ohun tó dára kì í ṣaláìní iye tí à ń rà á.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń ṣe irú èyí. Ní ọdún 1980, ní ìlú Skara ní Sweden, Tony Miles ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Karpov pàdé, ẹni tó jẹ́ ọ̀ta gbogbo àgbáyé lásìkò náà. Karpov gbé ọmọ-ogun iwájú ọba. Miles sì dá a lóhùn pẹ̀lú ọmọ-ogun etí ọpọ́n, ó gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ayò parí, Miles ló pa Karpov.

Nílé tiwa níbí ńkọ́? Nínú ayò ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní Scrabble, ọ̀rọ̀ gígùn ni ọ̀pọ̀ ọ̀ta ayé ń wá kiri. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ́ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kéékèèké onílẹ́tà márùn-ún dí ọ̀nà mọ́ alátakò. Ní ọdún 2015, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Wellington Jighere di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé.

Ẹ wo ọjọ́ Ojúde Ọba ní ìlú wa yìí. Gbogbo ọkọ̀ ló fẹ́ gba títì ńlá, ẹlẹ́ṣin ń bọ̀, onílù ń bọ̀, kò sẹ́ni tó lè rìn. Ọmọ ìlú tó mọ ẹ̀yìnkùlé yóò yà sí kọ̀rọ̀, yóò sì ti jókòó kí àwọn yòókù tó dé. Àǹfààní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ nìyẹn. Èkínní, ìwé tí alátakò ti kà sórí kò wúlò fún un mọ́. Òun náà ní láti jókòó ronú. Èkejì, ọmọ tí kò ní àkókò tàbí owó láti ka ìwé rẹpẹtẹ lè mọ ọ̀nà kékeré kan dé gbòǹgbò. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọmọ náà ni àgbà.

Àmọ́ ṣá o, àlejò tó bá yà sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, ara ògiri ni yóò lọ já sí. Ní Belgrade ní ọdún 1970, Bent Larsen ará Denmark, tó fẹ́ràn ọmọ-ogun kejì yìí, gbé e lẹ́ẹ̀kan láti bá Spassky tayò. Ìgbésẹ̀ 17 péré ni Spassky fi pa á. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí Larsen, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí àrà gba ọ̀nà tí kò mọ̀.

Ó ku ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi. Ó pa ẹni kẹta. Èyí tí ń kà á lórí tẹ́lẹ̀ gbé ọwọ́ lérán, ó ń wo ọpọ́n bí ẹni tó sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni kẹrin ti dúró wò ó níbi ẹ̀kẹta, ó ti múra sílẹ̀, ó sì pa á. Kò gba ipò kankan.

Mo sìn ín dé Òkè-Ajé láti lọ jẹ́ iṣẹ́ tó nira. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó mú ọ̀kan, ó pàdánù mẹ́ta. Kí n tó parí, ọmọ náà ti tẹ́ ọpọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n gàrí. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ wò ó. Ibí yìí, ní ìgbésẹ̀ kẹfà, mo kánjú gbé ẹṣin. Bíṣọ́ọ̀bù ló yẹ kí n kọ́kọ́ mú jáde.” Ìyá náà kò mọ ẹṣin yàtọ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù. Ó wo ọmọ, ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, ẹni tó bá ti mọ ibi tó ti ṣubú, ó lè dìde. Kó máa dúró lẹ́yìn ilé ìwé ní ọjọọjọ́ Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà, tèmi ni.”

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀nà ìwé ni mo fi tì í síta lẹ́ẹ̀mejì, kò sì lè sọ ohun tó pa á. Ọ̀nà tirẹ̀ ló fi mọ àṣìṣe ara rẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní títì ńlá, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní òun mọ kọ̀rọ̀ kan, ẹ bi í léèrè ibi tó já sí kí ẹ tó nà án. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.