Ìrẹ̀wẹ̀sì Abiyamọ Kì í Ṣe Ọ̀lẹ



Àìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, bí lẹ́tà kan ṣe pè é láìpẹ́ nínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹkún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ máa ń lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìyá kò rí oorun sùn kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, ìtọ́jú ló ń fẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń dá ọmọ tọ́, tí ẹbí sì ti kẹ̀yìn sí, wà lára àwọn tí ewu rẹ̀ pọ̀ fún. Ọmọ náà ń fara gbá a, torí ohùn àti ojú ìyá ni ìkókó fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ àti ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ìwòsàn wà. Ìwádìí kan ní Pakistan, tó jáde ní 2008, kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, tí wọn kì í ṣe dókítà, láti máa bá ìyá sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyá náà ni àìsàn náà ṣì wà lára wọn. Láàárín àwọn tí kò rí irú ìtọ́jú yìí, ìdá 53 ni. Láti mọ ìyá tó nílò ìtọ́jú, àwọn ìbéèrè 10 tí àwọn onímọ̀ ìlera gbé jáde ní Edinburgh ní 1987 ti tó fún nọ́ọ̀sì láti fura sí àìsàn náà. Kí àwọn ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀ máa bi àwọn ìyá ní ìbéèrè wọ̀nyí lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ.