Ẹ Yẹ Irúgbìn Náà Wò

Ní oṣù keje ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà gba àpò kékeré láti ilẹ̀ Ṣáínà, èyí tí wọn kò béèrè fún. “Ohun ọ̀ṣọ́” ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ rẹ̀; irúgbìn ló wà nínú rẹ̀. Irúgbìn kábéèjì àti ti òdòdó róòsì wà lára wọn, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ èyí tó ní àrùn. Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín.

Ẹ̀yin ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní Ìkòtún àti Ìgándò, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ewéko kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ omi Àgbádárìgì ní 1984. Títí di òní, ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja wa.

Bí irú àpò bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ má gbìn ín, ẹ má dà á sí ààtàn. Ẹ dì í, kí ẹ fà á lé NAQS lọ́wọ́, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ irúgbìn òkèèrè wò.

Nínú Mátíù 13, ìgbà tí àwọn ènìyàn sùn ni ọ̀tá fúnrúgbìn èpò. Bí a ti ń ṣọ́ oko, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ohun tí à ń gbìn sọ́kàn àwọn ọmọ wa. Olúwa yóò la ojú wa. Àmín.