Kí Ọkọ̀ Tó Gun Òkè Kírìjì

Àdúgbò gẹ́réjì, ilé ìkẹ́rùsí àti ibùgbé òṣìṣẹ́ ni Al Quoz ní Dubai. Ọmọ Yorùbá tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáwó ọkọ̀ nígbà ọdún láti lọ wo Jebel Akhdar ní ilẹ̀ Oman, yóò rí nǹkan kan ní ẹsẹ̀ òkè náà tó yẹ kó ròyìn délé. Ní Birkat al-Mawz, ọlọ́pàá á dá ọkọ̀ dúró. Bí kì í bá ṣe jíìpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́rí padà. Wọn kì í gba ẹ̀bẹ̀.

Ogun ti jà lórí òkè yẹn rí. Àwọn ọmọ ogun Imam Ghalib bin Ali fi í ṣe odi lòdì sí Sultan Said bin Taimur, ọkọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì sì ń ju bọ́ǹbù sí abúlé orí rẹ̀, títí SAS, àwọn ọmọ ogun àkànṣe Gẹ̀ẹ́sì, fi fòru gun àpáta náà ní oṣù kìíní 1959. Lónìí, ọ̀dà ti dé orí rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n la ẹ̀ka tó kọjú sókè sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá kọ̀ lè yà síbẹ̀, kó sì dúró.

Àwa náà ní òkè tí ogun ti jà lórí rẹ̀. Láàrin àwọn òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti kojú ara wọn. 1877 ni ogun bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ Látóòsà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 23 September 1886, ibùdó kò sì tú títí di 1893. Ìró ìbọn tó ń ti òkè kan dún dé èkejì ló bí orúkọ Kírìjì. Àwọn òkè yìí kan náà ni awakọ̀ ń bá wọ̀jà lónìí láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Òkèmẹ̀sí, títí lọ dé Ìta-Awúre àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, nígbà mìíràn nínú ìkùukùu tí kì í jẹ́ kéèyàn rí iwájú.

Ìgòkè kọ́ là ń bẹ̀rù jù, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Awakọ̀ tó bá yọ jíà sílẹ̀ kí epo má baà jó, tó wá ń tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, á mú bíréèkì gbóná, òróró inú rẹ̀ á hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì wọlẹ̀ láìrí nǹkan kan tẹ̀. Jíà kékeré ló yẹ kó fi sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa di ọkọ̀ mú. Mẹkáníìkì Al Quoz mọ èyí. Ti Iléṣà àti ti Adó náà mọ̀ ọ́n. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ àti ọmọ iléèwé tó jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kò lè mọ̀ bóyá awakọ̀ wọn mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹnì kan bá wọn wádìí rẹ̀.

A kò ní kí ìjọba ṣòfin jíìpù. Òfin bẹ́ẹ̀ á há àgbẹ̀ mọ́ oko rẹ̀. Ohun tí a ń béèrè kéré ju ìyẹn lọ: kí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, fi òṣìṣẹ́ àti mẹkáníìkì sí ẹsẹ̀ òkè ní ìhà méjèèjì. Kí wọ́n yẹ bíréèkì, táyà àti ìwọ̀n ẹrù tirela àti tánkà wò kí wọ́n tó yọ̀ǹda wọn. Ìwé ọkọ̀ nìkan kò lè dá ọkọ̀ dúró ní ìsọ̀kalẹ̀. Kí wọ́n sì la ẹ̀ka àsálà bíi ti Jebel Akhdar síbi tí ìsọ̀kalẹ̀ ti le jù.

Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní Ọ̀ṣun, Òkèmẹ̀sí wà ní Èkìtì. Ibi tí ìjọba méjì bá ti pààlà, ọ̀kan a máa wojú èkejì. Kí gómìnà méjèèjì pàdé lórí òkè yẹn, bí àwọn tó parí ogun ti ṣe, kí iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí 23 September tó ń bọ̀ tó pé.